Ihò Òkè Ojú Àyọ̀ká

"Àbùjẹ," ni ẹ̀rọ náà wí.

Ohùn obìnrin ni wọ́n fún un, ohùn pẹ̀lẹ́ bíi ti nọ́ọ̀sì tó fẹ́ gún ọmọ lábẹ́rẹ́. Ìbídùnní kọ́kọ́ rò pé ẹlòmíràn ló ń bá wí. Ó tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Ta ni ì bá tún jẹ́? Àyọ̀ká ọmọ rẹ̀ nìkan ló wà lórí àga ìkàjú láàárín gbọ̀ngàn, ó jókòó ṣinṣin sábẹ́ apá irin, ìmọ́lẹ̀ búlúù ń rìn lórí egungun ojú rẹ̀. Ọmọ náà ti dirun tuntun. Aṣọ tí bàbá rẹ̀ rà sílẹ̀ de ọjọ́ yìí kó tó kú ló wọ̀.

Fẹ́hìntọlá, akàjú tó ń darí ẹ̀rọ, kò lè wo Ìbídùnní. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́ nínú ilé yìí. "Ẹ má bínú, Ìyá Àyọ̀ká," ó ní, "eruku ló máa wà lójú ẹ̀rọ." Ó fi etí ẹ̀wù rẹ̀ nu gíláàsì, ó tún un tẹ̀.

"Àbùjẹ. Ìdílé Ajíṣefínní: oníhò. Kò bára mu."

Lójú ẹsẹ̀, ẹ̀gbà ọwọ́ Àyọ̀ká kú. Láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ni ẹ̀gbà náà ti ń tàn lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀ bí ewé tuntun, wọ́n kàn ń fẹ̀ ẹ́ bó ṣe ń dàgbà ni. Àfi bó ṣe di àwọ̀ eérú lójú gbogbo ènìyàn. Ọmọ náà gbá a lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni gbá rédíò tó dákẹ́.

"Mo ní láti ka òfin," Fẹ́hìntọlá wí.

"Kà á," ni Ìbídùnní dáhùn. Kí ni kó tún sọ?

"Àyọ̀ká, egungun rẹ kò bá ti bàbá ńlá Ajíṣefínní mu. Ìwọ kì í ṣe ọmọ Látúndé Ajíṣefínní. Òkè Ìsádi fún ọ ní ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹta, wàá padà wá fún àtúnkà. Bí àtúnkà bá rí bákan náà, apẹ̀rẹ̀ á gbé ọ sọ̀kalẹ̀ sórí omi kí oòrùn tó wọ̀." "Ìyá ọmọ, òfin ní kí n bi yín. Ta ni bàbá ọmọ yìí?"

Gbogbo gbọ̀ngàn pa rọ́rọ́. Ẹ mọ irú ìdákẹ́jẹ́ tí mo ń wí, èyí tí etí gbogbo ènìyàn ti ń gùn bíi ti ehoro.

"Látúndé ni," Ìbídùnní wí. "Látúndé Ajíṣefínní, ọkọ mi. Mi ò mọ ọkùnrin mìíràn láyé mi."

Fẹ́hìntọlá kọ ọ́ sílẹ̀. Gbogbo ìyá ló máa ń wí bẹ́ẹ̀. Ìbídùnní alára ti gbọ́ ọ tó igba ìgbà nínú gbọ̀ngàn yìí, òun ló sì máa ń fi sísọ́ọ̀sì gé ẹ̀gbà tó kú kúrò lọ́wọ́ ọmọ wọn lẹ́yìn àtúnkà. Kò gba ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn gbọ́ rí.

Nígbà tí wọ́n ń jáde, obìnrin kan tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà ká aṣọ rẹ̀ mọ́ra kó má baà kàn wọ́n. "Ẹ ò rí nǹkan," obìnrin náà sọ fún ẹnì kejì rẹ̀, kò sì fi bò. "Ẹni tó ń gé tàwọn ọmọ ọlọ́mọ."

Nílé, omi kọ̀ fún Àyọ̀ká. Ó na ọwọ́ sábẹ́ ẹ̀rọ omi bó ti máa ń nà án lójoojúmọ́ ayé rẹ̀, ẹ̀rọ ò mọ̀ ọ́n mọ́. Ìyá rẹ̀ na ọwọ́ tirẹ̀, omi ṣàn, ó bu ife kan fún un. Ọmọ náà gbé ife dání, kò mu ún.

"Màámi."

"Mu omi rẹ."

"Màámi, ta ni bàbá mi?"

Háà! Ọ̀rọ̀ náà wọ Ìbídùnní lára ju ti gbọ̀ngàn lọ. Ó fi ìdí jókòó sórí àpótí. "Ìwọ náà, Àyọ̀ká?"

"Mi ò bú yín o. Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo kàn fẹ́ mọ orúkọ tí màá máa jẹ́ lórí omi ni."

"Látúndé ni bàbá rẹ. Òun ló pọ̀n ọ́ lọ́jọ́ tí afárá já. Òun ló ń jẹ eegun ẹja kó lè fún ọ ní ẹran ara ẹja náà."

"Ẹni tó pọ̀n mí lẹ ń sọ. Ẹni tó bí mi ni mò ń bèèrè." Omijé ti kún ojú ọmọ náà, àmọ́ ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n. "Egungun kì í parọ́, Màámi. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bẹ́ẹ̀."

Òun ló kọ́ ọ lóòótọ́. Láti kékeré ló ti ń jókòó ti ọmọ náà, tó ń sọ ọ́ fún un bí ìtàn ìjàpá: pé nígbà tí òkun wọlé, ó gbé gbogbo ìwé lọ, ó gbé ẹ̀rọ tí ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lọ, ogójì ìdílé ló kọ́kọ́ gun Òkè. Pé ilẹ̀ ò tó, gbogbo ẹni tó gùnkè lẹ́yìn wọn ló ń pe ara rẹ̀ ní ọmọ ilé kan. Pé àwọn àgbà wá wá ohun tí ènìyàn ò lè fi ẹnu lásán purọ́ lé lórí, wọ́n rí i lókè ojú, ní etí kòtò tí ẹyinjú jókòó sí. Iṣan tín-ín-rín kan ń gba ibẹ̀ jáde lọ síwájú orí. Lára ẹlòmíràn, egungun yí iṣan náà ká pátá, ó di ihò. Lára ẹlòmíràn, abẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀, bí etí àkàrà tí eku bù jẹ. Oníhò ń bí oníhò, alábùjẹ ń bí alábùjẹ. Wọ́n sọ ọ́ ní Òfin Ojúlówó Ọmọ. Bí ọmọ bá pé ọdún méjìdínlógún, tí egungun rẹ̀ ti gbó, wọ́n á kà á. Kò tún sí ẹjọ́.

"Súnmọ́ mi," Ìbídùnní wí.

Àyọ̀ká súnmọ́ ọn. Ìyá fi àtàǹpàkò tẹ òkè ojú ọ̀tún ọmọ, lábẹ́ irun ojú, ó fà á lọ fà á bọ̀ ní etí egungun. Ó ń dán, kò sí ibi tó jìn. Ihò ni. Ojú òsì ńkọ́? Àtàǹpàkò rẹ̀ rì sínú kòtò kékeré kan. Àbùjẹ ni.

Ó tún un ṣe. Ó ní kí ọmọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ ẹ́.

"Wọn ò dọ́gba," Àyọ̀ká wí.

"Wọn ò dọ́gba. Òfin sì ní ọ̀tún ni kí wọ́n kà. Ọ̀tún rẹ, ihò ni." Ìbídùnní ti dìde. "Ti ilẹ̀kùn. Má ṣí i fún ẹnikẹ́ni."

Ilé Àwọn Àgbà wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn. Ìbídùnní ló ń tọ́jú ibẹ̀, òun nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́. Agbárí ogójì ló wà lórí pẹpẹ, ti àwọn bàbá ńlá àti ìyá ńlá tó kọ́kọ́ gun Òkè, gbogbo wọn ló kọjú sí ògiri. Ọmọdé kì í wo àgbà lójú ṣọ̀ọ́, ìyẹn ni wọ́n ṣe gbé wọn bẹ́ẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń fi ìyẹ́ nu wọ́n láti ẹ̀yìn, lórí ìkúnlẹ̀, kò rí iwájú ọ̀kan nínú wọn rí. Kò tilẹ̀ wá sí i lọ́kàn.

Ó kúnlẹ̀ sẹ́yìn Ajíṣefínní. "Ẹ forí jì mí, Bàbá," ó wí. Ó na ọwọ́ méjèèjì yí agbárí náà ká bí ẹni tó fẹ́ di ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ó wá etí kòtò ojú.

Ọ̀tún, ihò. Òsì, àbùjẹ.

Ojú Àyọ̀ká gan-an ni. Ìbídùnní fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ tí wọ́n ní kò bá Ajíṣefínní mu, kò sí ẹni tó bá Ajíṣefínní mu tó o lórí Òkè yìí! Kí ló wá dé tí ẹ̀rọ fi wí bẹ́ẹ̀?

Ó ṣí Ìwé Ogójì. Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ kò ju ìlà kan lọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan: *Ajíṣefínní. Ihò, ní ọwọ́ ọ̀tún akàjú.* Bákan náà ni wọ́n kọ òfin sára ògiri gbọ̀ngàn: *Ọwọ́ ọ̀tún akàjú ni kí ẹ fi kà á, nítorí ọmọ àlè ní í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá rẹ̀.* Gbogbo ọmọ Òkè ló mọ̀ ọ́n lórí.

Ọwọ́ ọ̀tún akàjú. Ìbídùnní wo ọwọ́ rẹ̀ tó wà lára agbárí. Ẹ̀yìn bàbá ni ó wà, nítorí náà ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bọ́ sí ojú ọ̀tún bàbá. Ó dìde, ó sáré wọ gbọ̀ngàn tó ti ṣófo, ó dúró níbi tí apá irin ti ń jáde, iwájú àga. Ó ro ti Àyọ̀ká bó ṣe jókòó síbẹ̀ láàárọ̀, tó kọjú sí i. Ó na ọwọ́ ọ̀tún. Ojú òsì ọmọ náà ló bọ́ sí.

Ẹ gbọ́ mi ná. Ẹ̀yìn ni wọ́n ti ka àwọn òkú, nítorí ọ̀wọ̀. Iwájú ni wọ́n ti ń ka àwọn alààyè, nítorí ẹ̀rọ. Ọ̀tún òkú ni wọ́n fi ń wọn òsì alààyè, ọdún mẹ́tàdínlógójì! Ẹni tí ojú rẹ̀ méjèèjì bá dọ́gba, kò sí wàhálà, á kọjá. Ẹni tí kò bá dọ́gba, Ọlọ́run nìkan ló mọ ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ á bọ́ sí.

Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọwọ́ sí ojú ara rẹ̀. Ọmọ ilé oníhò lòun náà, bàbá rẹ̀ àti bàbá bàbá rẹ̀. Òsì rẹ̀, ihò. Ọ̀tún rẹ̀ jìn wọlé wẹ́rẹ́ lábẹ́ àtàǹpàkò.

Ó jókòó sórí àga ìkàjú, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Bí wọ́n bá tún ìkàjú ṣe bó ṣe yẹ, Àyọ̀ká á dúró. Ìyá rẹ̀ ló máa lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ bá Bàbá Òjélàdé, Olórí Akàjú, ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́. Bàbá náà ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ó ń bomi rin tòmátì tó gbìn sínú àwọn táyà àtijọ́ lẹ́yìn ilé rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá."

"Ìbídùnní. Mo gbọ́ nípa ọmọ rẹ. Ó dùn mí." Kò gbé orí sókè.

Ó rò ó fún un bó ṣe rí, láìfi ọ̀kan pe méjì: ẹ̀yìn, iwájú, ọwọ́ ọ̀tún akàjú. Bó ṣe ń sọ ọ́, ó ń retí kí bàbá pariwo, kó ju agolo omi sílẹ̀. Bàbá ń bomi rin tòmátì lọ ní tirẹ̀. Ìgbà tó dé orí táyà tó kẹ́yìn ló tó dúró.

"Èmi ni mo ka àwọn ogójì yẹn," ó ní. "Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógójì ni mí nígbà náà. Mo kúnlẹ̀ sẹ́yìn wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ta ni mo jẹ́ tí màá fi wo irú wọn lójú? Ẹ̀rọ dé lẹ́yìn ọdún kejì. Àwọn tó ṣe é ò mọ̀ pé mo kúnlẹ̀ sẹ́yìn. Èmi náà ò rántí sọ."

"Ìgbà wo lẹ mọ̀?"

"Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Akọ́bí mi ti wà lórí omi fún ọdún mẹ́ta nígbà náà." Ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò. "Mo lé ìyá rẹ̀ nílé. Mo pè é ní panṣágà láàárín ọjà. Ó kú sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀."

"Ẹ sì dákẹ́?"

"Kí n wí kí ni? Kí n ní gbogbo ẹni tí a ti sọ̀ kalẹ̀, àṣìṣe ni? Ta ló máa gbà wọ́n padà? Ta ló máa kúrò fún wọn? Ilẹ̀ ò fẹ̀ sí i, ọmọ mi. Òkun ló ń gòkè." Ó wá wò ó, ojú rẹ̀ ti rẹ̀. "Gbọ́. Wọ́n á mú un wá fún àtúnkà lọ́la. Èmi á wà níbẹ̀. Èmi á ní kí Fẹ́hìntọlá yí àga padà, kí ó kọ ẹ̀yìn sí ẹ̀rọ. Màá ní ọrùn ló ń dùn ún. Á ka ihò. Ọmọ rẹ á máa gbé nílé bàbá rẹ̀. Kò sí ẹni tó máa bi ọ́ léèrè."

"Àwọn yòókù ńkọ́?"

"Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Ta ni ọmọ rẹ níbẹ̀?"

Mi ò ní parọ́ fún yín, Ìbídùnní gbà. Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó ní, "Ẹ ṣé, Bàbá." Ẹni tí kò bá tíì bímọ ló lè bú u. Bó ṣe ń lọ sílé, ara rẹ̀ fúyẹ́ bí ẹni tí ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀, ó sì ń kórìíra ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń gbé ẹsẹ̀. Ó sọ fún Àyọ̀ká pé gbogbo rẹ̀ á dára lọ́la. Ọmọ náà ní, "Ṣé ẹ ti wá rí bàbá mi?"

Lọ́jọ́ kẹta, àwọn méjì ló wà fún àtúnkà. Àyọ̀ká ni wọ́n kọ sí ipò kejì. Ẹni àkọ́kọ́ ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Oyèníran, tó ń ṣe iṣẹ́ àwo tí ń gba iná lára oòrùn lórí òrùlé. Ìyá rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, obìnrin kúkúrú kan tó fi gèlè dúdú di inú. Bàbá rẹ̀ náà wá, àmọ́ ó dúró jìnnà sí wọn.

Bàbá Òjélàdé jókòó sórí àga ọlá. Ìbídùnní dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn.

"Àbùjẹ," ni ẹ̀rọ wí. "Ìdílé Bámgbàlà: oníhò. Kò bára mu."

Ìyá Oyèníran ò pariwo. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ wí. "Mi ò mọ ọkùnrin mìíràn. Ẹ bi í. Bàbá Oyè, sọ fún wọn, ọdún mẹ́wàá la fi wá ọmọ yìí, inú ilé wo ni mo ti jáde? Mi ò mọ ọkùnrin mìíràn."

Bàbá Oyèníran kọ ẹ̀yìn sí i, ó jáde.

"Ìyá Àyọ̀ká," Fẹ́hìntọlá wí jẹ́jẹ́, "ẹ gé e."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà na ọwọ́ fún un. Sísọ́ọ̀sì kan ẹ̀gbà. Ìbídùnní wo òkè ojú rẹ̀, lábẹ́ irun ojú ọ̀tún, níbi tí egungun ti ń dán tó lọ tààrà. Kò tilẹ̀ ní láti fọwọ́ kàn án. Igba ó lé mọ́kànlá ẹ̀gbà ni ọwọ́ yìí ti gé. Igba ó lé mọ́kànlá ìyá ló ti wí ohun tí obìnrin yìí wí, tí òun ń sọ nínú ọkàn òun pé, *Irọ́ ni, aṣẹ́wó.* Ìtìjú bò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí. Tirẹ̀ kọ́ ló máa bá a dákẹ́ lónìí, tàwọn ọlọ́mọ ni.

Ó gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀.

"Ìbídùnní," Bàbá Òjélàdé wí láti orí àga rẹ̀. Ìkìlọ̀ ni.

"Dìde, ọmọ mi," ó sọ fún Oyèníran. Òun fúnra rẹ̀ wá jókòó sórí àga. "Fẹ́hìntọlá, kà mí."

"Ẹ̀yin? Wọ́n ti kà yín láti—"

"Mo ní kà mí."

Ìmọ́lẹ̀ búlúù rìn lójú rẹ̀. "Ihò," ni ẹ̀rọ wí. "Ó bára mu."

Ó dìde, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí àga náà, irin rẹ̀ ń han lórí sìmẹ́ńtì, ó jókòó padà, ó kọ ẹ̀yìn sí ẹ̀rọ. Apá irin gùn láti ẹ̀yìn yí orí rẹ̀ ká, bí ọwọ́ rẹ̀ ti yí agbárí Ajíṣefínní ká. "Tún mi kà."

"Àbùjẹ. Kò bára mu."

Ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ kú. Ẹnì kan nínú gbọ̀ngàn ní, "Yéè!"

"Orí kan náà ni," Ìbídùnní wí. "Ṣé mo ti di ọmọ bàbá mìíràn láàárín ìṣẹ́jú kan? Ẹ̀yin ará, ẹ̀yìn ni a ti ka àwọn àgbà. Iwájú ni a ti ń ka àwọn ọmọ yín. Ọwọ́ ọ̀tún akàjú kò bọ́ sójú kan náà. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ òkè ojú yín. Ẹ tẹ ọ̀tún, ẹ tẹ òsì. Ìka márùn-ún, ọmọ ìyá kan ni wọ́n, ṣé wọ́n dọ́gba? Ó wà nínú wa tí egungun méjèèjì rí bákan náà, ó wà nínú wa tí wọn ò rí bákan náà, Ọlọ́run ló ṣe wá bẹ́ẹ̀. Kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ẹni tó bí wa. Gbogbo ìyá tí a ti dójú tì nínú ilé yìí..." Kò lè parí rẹ̀. Ó wo ìyá Oyèníran. "Ẹ forí jì mí."

Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Lákọ̀ọ́kọ́, ọ̀kan, méjì. Ìgbà tó ṣe, gbogbo gbọ̀ngàn ló fọwọ́ sójú, àgbà, ọmọdé, olówó, tálákà, wọ́n ń wá egungun ara wọn. Fẹ́hìntọlá tẹ tirẹ̀, ó yọ ọwọ́, ó tún tẹ ẹ́, ó jókòó sílẹ̀ gbì.

"Bàbá," Ìbídùnní wí, "ẹ sọ fún wọn."

Bàbá Òjélàdé fọwọ́ ti àga, ó dìde. Lẹ́yìn náà, ó ní, "Bó ṣe wí ni. Mo ti mọ̀ láti ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bí ọmọ kékeré.

Ó yẹ kí ìtàn yìí dára láti ibẹ̀. Èmi náà ì bá fẹ́ bẹ́ẹ̀. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, àwọn bàbá wa ti wí i tipẹ́.

Kò tó wákàtí méjì tí Ìgbìmọ̀ Ogójì, àwọn tó ń ṣèjọba Òkè, fi sọ̀rọ̀ jáde láti inú ẹ̀rọ ìkéde tó wà lára ògiri. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ olùtọ́jú agbárí fún àṣìṣe tó rí. Wọ́n ní ìkàjú kò gbọ́dọ̀ tún jẹ́ ojú kan mọ́, láti òní lọ, ojú méjèèjì ni. Àwọn kan ti ń pàtẹ́wọ́. Ohùn náà ń bá a lọ: ẹni tí ojú rẹ̀ méjèèjì kò bá dọ́gba, kò sí ìdílé kan tó lè pè é ní tirẹ̀ láìsí iyèméjì. Kó sọ̀kalẹ̀. Ní ti àwọn tó ti wà lórí omi, ọ̀rọ̀ wọn ti di ti àná.

Àtẹ́wọ́ dákẹ́ díẹ̀díẹ̀. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọwọ́ kalẹ̀ kúrò lójú wọn, bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi tí kò yẹ. Kò sẹ́ni tó bi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé kí lo rí. Ìyá Oyèníran di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, wọ́n rọra gba ẹnu ọ̀nà jáde kí ẹnikẹ́ni tó rántí wọn.

Oòrùn ṣì ga nígbà tí Ìbídùnní àti Àyọ̀ká wọ apẹ̀rẹ̀. Ẹrù wọn ò ju àpò méjì lọ. Fẹ́hìntọlá ló gé ẹ̀gbà wọn. Sísọ́ọ̀sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Bàbá Òjélàdé ní òun náà á sọ̀kalẹ̀, òun á lọ wá akọ́bí òun, àmọ́ wọ́n tẹ ojú rẹ̀, ó dọ́gba, wọ́n dá a padà sílé.

Okùn irin bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Ògiri àpáta ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ń tutù sí i.

"Ẹ̀yin ì bá dúró," Àyọ̀ká wí lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. "Bàbá Òjélàdé sọ fún mi ní ẹnu ọ̀nà. Ẹ ti fọwọ́ sí i pé kí wọ́n yí àga fún èmi nìkan. Èmi ì bá wà lórí Òkè, ẹ̀yin náà ì bá wà. Kí ló dé?"

"Mo fẹ́ kí o dúró. Ọlọ́run mọ̀ pé mo fẹ́ ẹ." Ìbídùnní di irin apẹ̀rẹ̀ mú. "Ṣùgbọ́n bí mo bá fi irọ́ gbà ọ́, inú rẹ á máa sọ fún ọ títí láé pé ìyá rẹ ń fi nǹkan pamọ́. O ò ní bi mí léèrè mọ́. Wàá kàn máa wò mí ni."

Ọmọ náà na àtàǹpàkò, ó fi tẹ òkè ojú ìyá rẹ̀, ọ̀tún, lẹ́yìn náà òsì. Ó tẹ tirẹ̀. Ojú méjì tó yàtọ̀ síra, lórí ìyá àti ọmọ, èyí tó jìn lọ́dọ̀ ẹnì kan ló ń dán lọ́dọ̀ ẹnì kejì. Ìgbà yẹn ló tó sunkún. Ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú.

Nísàlẹ̀, omi dúdú ló wà, àti pákó, àti ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n so mọ́ra wọn lórí àgbá. Òórùn ẹja àti èéfín gba afẹ́fẹ́ kan. Obìnrin kan tó di pátákó mọ́ àyà dúró sí èbúté, ó ń fi èédú kọ orúkọ àwọn tó bá ti òkè bọ̀. Kò sí ẹ̀rọ kankan lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ́jú," obìnrin náà wí. "Orúkọ?"

"Àyọ̀ká."

"Ọmọ ta ni?"

Ọwọ́ ọ̀tún Àyọ̀ká wà nínú ọwọ́ ìyá rẹ̀, ọmọ náà kò sì tú u sílẹ̀. Ọwọ́ òsì ló nà sókè, sí orí Òkè tí àwọn òrùlé ti ń dán nínú oòrùn.

"Ọmọ Látúndé Ajíṣefínní," ó ní. "Ilé bàbá mi nìyẹn."

Obìnrin náà wo ibi tó júwe, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.